Nígbà Tí Alàgbà Dáníẹ́lì Ń Sọ Fíìmù fún Wa

Ìwọ tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan yẹn, kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Mo bi ọ́, o ní, "Ba komai, Màmá." Kò sí nǹkan kan, àmọ́ èjìká rẹ ń mì. Àbúrò rẹ tó jókòó tì ọ́ kò mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ìwọ náà kò sì mọ ohun tó mú kí òun fajú ro. Gbogbo yín wà nínú pálọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ jọ jẹun tán nídìí tábìlì kan, síbẹ̀ kálukú wà ní ìlú tirẹ̀. Mi ò bá yín jà. Kí ẹ yọ nǹkan yẹn létí díẹ̀ ni mo wí. Ó ń dùn mí ni, kì í ṣe pé inú ń bí mi. Ẹ sì fa ẹsẹ̀ yín kúrò lórí wáyà yẹn. Mo ti sọ ọ́ láàárọ̀.

Irú ọ̀sán báyìí gan-an, ibi tí ẹ ò bá ti bá mi nígbà náà ni òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ibo Road, lókè ṣọ́ọ̀bù Alàgbà Dáníẹ́lì. Ayàfọ́tò ni Alàgbà, ó sì jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Wálé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé girama. Èmi àti bàbá yín àgbà ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Singer, bí Títí ìyá yín ṣe ń tà á nísinsìnyí. Fọ́tò tó wà lára ògiri yẹn, níbi tí Títí ti ń sunkún pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, Alàgbà ló yà á.

Aṣọ dúdú kan wà tó fi ń dí fèrèsé yàrá tó ti ń fọ fọ́tò. Lọ́jọ́ Àìkú, á tú aṣọ náà, á gbé e wá sí pálọ̀, kí oòrùn Kánò má baà pa àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá ti inú oòrùn wọlé, a kì í rí ara wa fún ìgbà díẹ̀; ohùn la fi ń dá ara wa mọ̀. Òórùn oògùn fọ́tò wà lára aṣọ náà, ó máa ń ta mí nímú. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Á ní, "Ìyá Títí, bí atẹ́gùn bá wọlé, òkú ò ní lè jáde."

Òkú inú fíìmù ló ń wí. Ìyẹn gan-an ló gbé mi débẹ̀. Títí àti Fẹ́mi, àwọn ọmọ mi, gbọ́ ìtàn fíìmù kan lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò, nípa òkú kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà ilé. Láti ọjọ́ náà, Títí kò dá wọ balùwẹ̀ mọ́. Mo wádìí, wọ́n ní Alàgbà Dáníẹ́lì ló ń fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo fi gèlè mi gbàjá, mo lọ. Ìjà ni mo bá lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń fi hàn, kí n lè mọ ọ̀rọ̀ tí n ó bá a sọ, torí mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ohun tí mi ò fojú rí. Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí fíìmù parí, mo ti gbàgbé ìjà. Mo ń bá Ìyá Kọ́lá jiyàn bóyá ó yẹ kí òkú náà dárí ji ìyàwó rẹ̀.

Àga ẹnu ọ̀nà yẹn ló di tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti lè gbọ́ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀ títì, torí ẹni tó bímọ sí ìlú yìí, etí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níta. Ìyá Kọ́lá, tó ní ilé oúnjẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Alàgbà, ń jókòó lórí àpótí, torí ó ní àga máa ń jẹ́ kí òun sùn. Wòlíì Àjàyí ń jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun rẹ̀, bàtà kì í sì í sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun náà, kí ẹ má baà gbàgbé, ìbáwí ló bá wá bíi tèmi. Ó mú agogo ìjọ rẹ̀ wá láti fi lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ fídíò, ó gbàdúrà lé kásẹ́ẹ̀tì náà lórí, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí òun rí i bóyá ẹ̀mí náà ti lọ. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹnì kan tó kù ni Màláàmù Sàní, tó ń fi fíìmù yá àwọn èèyàn ní àdúgbò Brigade. Òun ló ń gbé fíìmù wá lórí alùpùpù rẹ̀, tó wé e mọ́ inú aṣọ kí eruku má baà dé ibẹ̀.

Fíìmù wa kì í ṣe irú tí ẹ ń wò yìí. Ti Íńdíà wà, ti Ṣáínà wà, àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Àwọn tó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pupa ju ata lọ, ilé tó ń sunkún, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó fi ohùn pa iná. Àwọn èèyàn mìíràn ń pè é ní ìranù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn, àfi Màláàmù Sàní tó ti ń wo ti Íńdíà láti kékeré. Nígbà mìíràn a máa ń rí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì ọ̀rọ̀ ti já bọ́. Ohun tí Alàgbà ṣe ni pé ó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n náà pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fíìmù náà fúnra rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Kò gbọ́ èdè wọn o. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa wo ojú wọn, á sì fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ọba á máa sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ta ayédèrú ẹrù fún. Ajagun á máa kígbe orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Màláàmù Sàní kò kọ́kọ́ gbà.

"Haba, Baba! Ba haka ba ne! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Obìnrin yẹn kì í ṣe ìyá rẹ̀, wallahi, ìyàwó rẹ̀ ni!"

Alàgbà dá a lóhùn pé, "Ní Brigade, ìyàwó rẹ̀ ni. Ní Ibo Road níbí, ìyá rẹ̀ ni. Jẹ́ kó kí ìyá rẹ̀."

Nítorí pé ohùn tẹlifíṣọ̀n ti kú, àwa náà ní láti fi ìró sí i. Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ó lè jẹ́ Ìyá Kọ́lá. Ó gbé abọ́ ìfẹ́-ìrẹsì rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó da ìrẹsì tútù díẹ̀ sí i, ó ń yí i, ni òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú fíìmù. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo mú òfìfo agolo mílíìkì bọ̀ láti Singer. Bí mo bá dojú wọn bolẹ̀, tí mo fi ń lu símẹ́ǹtì, ẹṣin ni. Bí mo bá ń yára, ogún ẹṣin ni. Agogo Wòlíì ni ti òkú. Kò sí òkú tó ń jáde ní Ibo Road láìsí agogo. Sìlípáàsì tí a fi omi rẹ díẹ̀ ni ìgbátí. Màláàmù Sàní ló ni orin, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ á dúró. Jẹnẹrétọ̀ á máa hó lẹ́yìn ilé, a sì máa ń pariwo jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, agolo bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ àga. Mo dọ̀bálẹ̀ mò ń wá a. Àwọn ọmọ ogun ti dé lórí ẹṣin nínú fíìmù, kò sí ìró kankan. Alàgbà kò tilẹ̀ dúró mí. Ó ní, "Wọ́n ti bọ́ bàtà ẹṣin wọn o, kí onílé má baà jí." Ẹ̀rín pa Wòlíì títí ó fi ṣèèṣì lu agogo, òkú tí kò tíì tó àkókò rẹ̀ sì ní láti jáde. Alàgbà wá àyè fún un. Kò sí ohun tí kì í wá àyè fún.

Ẹ rí i, bí ẹ ṣe ń wò ó nísinsìnyí, àwòrán mọ́ kedere, ohùn dùn, gbogbo èdè ayé ni wọ́n ti túmọ̀ fún yín. Kò sí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò láti ṣe. Mi ò ní tiyín kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé, tiwa, bí ẹnì kan nínú wa kò bá wá, òjò kò ní rọ̀.

Lẹ́yìn fíìmù ni ẹjọ́. Ìyá Kọ́lá ti máa ń din kosai, àkàrà ni ẹ̀yin ń pè é bí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, yóò sì gbé e ka ilẹ̀ nínú ìwé. Èèwọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kí a tó dá ẹjọ́ ọ̀daràn inú fíìmù náà. Ìyá Kọ́lá ló ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn rò nígbà gbogbo.

"Ó pa bàbá ọmọ náà, mo gbà," ni yóò wí. "Àmọ́ ta ló fún un ní oúnjẹ láàárọ̀? Ẹ wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Ebi ń pa á! Mo mọ ojú ebi, ojú ni mo fi ń tajà."

Wòlíì á ní, "Ìyá Kọ́lá, ẹni tí ebi ń pa kì í fò tó òrùlé."

"Ìwọ Wòlíì tí o gbààwẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé o ò fò nínú ẹ̀mí ni?"

Báyìí la ó máa bá a lọ títí kosai á fi tutù, Màláàmù Sàní á wá kígbe pé, "To, shi ke nan! Ó tó! Ẹ pa á, kí a jẹun!" Ní ọdún Iléyá, ẹran àgbò tirẹ̀ ló ń dípò kosai, ní ọdún Kérésì, àwa là ń gbé oúnjẹ fún ìyàwó rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti ń lé gbogbo wọn dìde. Wọ́n á máa fi mí ṣẹ̀sín pé Ìyá Títí ń kó adìẹ rẹ̀ wọlé. Mo gbà á. Ẹni tó ní adìẹ ló mọ ohùn àṣá.

Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo fídíò dé, tẹlifíṣọ̀n kékeré lọ, ńlá dé, síbẹ̀ a ò jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n fọhùn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí; àwa kì í ṣe ọmọdé, a sì rò pé òwe náà kò kàn wá.

Ojú Alàgbà ló kọ́kọ́ lọ. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ni òkùnkùn ti ń wọlé sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ fèrèsé pọ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Àwọn tó wá ya fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọn ò rí etí wọn nínú rẹ̀. Ní ti fíìmù, a ò fura rárá, ìdí rẹ̀ sì rèé: bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú fíìmù gan-an ló ń sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣì í la bá ti mọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò sọ ohun tó rí rí, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò rí i mọ́? Nígbà tí a fi máa mọ̀, àwa fúnra wa ti ń tẹ̀ lé e. Bó bá ní ẹṣin ń bọ̀, mo lu agolo mi, ìbáà ṣe ọkọ̀ ojú omi ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà, a sì ń wo ojú rẹ̀ dípò tẹlifíṣọ̀n.

Ó wá ṣubú sínú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Èmi ni mo rí i. Mo ń ti Singer bọ̀, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n pé jọ, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́ pé, "Sannu, Baba, sannu," mo sì rí ẹrẹ̀ lára aṣọ funfun rẹ̀. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Àmọ́ ẹnì kan pe Wálé lórí fóònù, Wálé sì dé.

Àgbàlagbà ni Wálé nígbà yẹn, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá ní kó mu omi díẹ̀, á bi yín pé báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó. Ó ní òun máa mú bàbá òun lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọn ó ti máa wo ojú rẹ̀, tí ẹnì kan ó sì máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Alàgbà ní òun kò lọ. Ó ní, "Níbo ni mo mọ̀ ní Ìbàdàn? Níbí, mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

Wálé ní, "Gọ́tà ńkọ́, Bàbá?"

"Mo mọ ibi tó wà. Òun ni kò kúrò lọ́nà."

Wálé kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe àdéhùn kan: òun á dúró títí ọjọ́ Àìkú yóò fi kọjá, òun á bá a wo fíìmù, bí òun bá rí i pé bàbá òun ṣì ń ríran tó láti dá gbé, òun á fi í sílẹ̀ sí Kánò. Ìyá Kọ́lá gbọ́ èyí, ó pè wá sí ilé oúnjẹ rẹ̀. Ó ní fíìmù Ṣáínà kan wà tí a máa ń pè ní Oníbàtà Igi, kí Màláàmù Sàní máa wá sọ ọ́ fún Alàgbà lójoojúmọ́, bí ohun gbogbo ṣe tò tẹ̀ léra, kí ọ̀rọ̀ Alàgbà lè bá àwòrán mu lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a fẹ́ kí ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Bí ẹni ń kọ́ ẹsẹ̀ Bíbélì fún ìdánwò Súńdè-sùkúù ni Alàgbà ṣe kọ́ ọ. Mo bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń kà á lábẹ́lẹ̀: "Ó gun òrùlé, ó yọ idà, ó wo òsì." Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́ Àìkú dé. Wálé jókòó sórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà. Màláàmù Sàní yọ àwo náà láti inú páálí tí a kọ Oníbàtà Igi sí lára, ó fi í sí ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Brigade, bí wọ́n bá ń dá fíìmù padà, inú páálí tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọ́n ń kì í bọ̀, òun náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòrán yọ. Ìyàwó tuntun kan ló dúró sínú ọgbà, ó ń gbóòórùn òdòdó.

Alàgbà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó! Ó ti gun òrùlé! Ẹ wo idà lọ́wọ́ rẹ̀!"

Màláàmù Sàní ká ọwọ́ lé orí. Mo wo Ìyá Kọ́lá, Ìyá Kọ́lá wo Wòlíì. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa kò tilẹ̀ tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ Alàgbà ń dúró de idà náà. Ó tẹ́tí. Ìyá Kọ́lá bá gbé ṣíbí méjì, ó fi wọ́n lu ara wọn, idà sì dún. Ojú Alàgbà tú ká. Ó ní ọ̀tá ń bọ̀ lórí ẹṣin, mo lu agolo. Ó ní òjò ń rọ̀, ìrẹsì yí. Ìyàwó tuntun ń jó nínú ọgbà, àwa ń jagun.

Mo yíjú wo Wálé. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá ń wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ó dìde.

"Bàbá."

Gbogbo ìró dá.

"Bàbá, kò sí idà níbẹ̀. Ìyàwó ni. Ó mú òdòdó lọ́wọ́."

Alàgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún, ó ń fi àtàńpàkò nu ún, bí ẹni ń nu dígí. Ó wá ní, "Òdòdó pupa ni àbí funfun?"

"Pupa ni, sà."

"Ẹn-hẹ́n. Abẹ́ rẹ̀ ló fi idà pamọ́ sí."

Kí ni kí n sọ fún yín? Ìyá Kọ́lá bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. Wòlíì fi etí aṣọ funfun bo ẹnu. Màláàmù Sàní ń pariwo, "Kai, Baba! Kai!" Wálé kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì jókòó. Ó wò ó títí ó fi parí, kò sì dá bàbá rẹ̀ lẹ́kun mọ́. Nígbà tí a ń dá ẹjọ́, a bi í léèrè èrò rẹ̀, ó ní òun kò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀daràn. Ó jẹ kosai.

Àmọ́ lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí mò ń lọ sílé, ó tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà bímọ. Wọ́n ní ẹ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ yín níta. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni èmi, ṣé ẹ ó fi í sílẹ̀ síbí?"

Mo di ọwọ́ àtẹ̀gùn náà mú. Kò sí igi nídìí rẹ̀ lápá kan. Mo ti ń sọ fún Alàgbà tipẹ́ pé kó tún un ṣe. Nísàlẹ̀ ni gọ́tà wà. Bí mo bá jẹ́ ọ̀rẹ́ nìkan, mo mọ ohun tí n bá wí. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, mi ò sì lè bá ọmọ tó na ọmú sí bàbá rẹ̀ jà.

Mo ní, "Mú un lọ, Wálé."

Ẹ bá mi gbé omi yẹn. Ẹ ṣeun.

Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù Alàgbà báyìí. Wòlíì ti sùn nínú Olúwa. Ìyá Kọ́lá wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀fà. Màláàmù Sàní ṣì máa ń kọjá nígbà mìíràn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bi mí nípa ilé, èmi náà á bi í, a ò sì ní dárúkọ fíìmù. Lẹ́yìn tí Alàgbà lọ, a péjọ lẹ́ẹ̀kan, a sì pinnu láìsọ ọ́ síta pé a ò ní péjọ mọ́. Ó gbé ní Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀. Síbẹ̀ ní irú ọ̀sán báyìí, bí oòrùn bá ti tẹ̀ sí apá ibí yìí, ara mi á fẹ́ dìde.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún yín, torí òun ni mo ń rántí jù.

Àárọ̀ ni. Mọ́tò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà kò tíì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un. A bá a di ẹrù rẹ̀. Wòlíì gbàdúrà, ó ṣe àmín lábẹ́lẹ̀. Màláàmù Sàní ní, "Allah ya kiyaye hanya, Baba, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà yín," ó sì yíjú sápá kan. Ìyá Kọ́lá gbé kosai gbígbóná lé e lórí itan, ó ní kó má jẹ ẹ́ kó tó dá ẹjọ́. Alàgbà kàn mi orí. Ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó kọjú síwájú, ojú rẹ̀ rí bí ilé tí wọ́n ti tì. Wálé wọlé tì í. Mo rí i pé Wálé fẹ́ sọ̀rọ̀, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti tan mọ́tò. Gíláàsì fèrèsé ṣì wà nísàlẹ̀. Wálé wo ojú títì síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún, ó sì wúkọ́.

Ó ní, "Bàbá, màlúù kan ti wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀."

Alàgbà kò mira.

"Ó fẹ́ dá agbádá."

Alàgbà yí orí díẹ̀ sápá ọmọ rẹ̀. "Aṣọ wo?"

"Léèsì, sà. Búlúù. Wọ́n ń wọn apá rẹ̀."

"Apá wo? Màlúù ní apá?"

"Ohun tí télọ̀ náà ń bi í nìyẹn. Ó sì ń bínú."

Alàgbà na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó sì dì í mú. Ó ní, "Má kánjú. Padà sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ta ló ni màlúù náà?"

Mọ́tò gbéra. A ń gbọ́ ohùn Wálé, tó ń ṣàlàyé, tó ń ta kókó, títí ariwo Ibo Road fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo yíjú wo ojú títì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí màlúù kankan níbẹ̀.